Dándan: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Èdè Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Sọ̀rọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwọn òbí kan ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.)

Ẹ̀yin alága ìjókòó, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá ìkókó tí ẹ pọn ọmọ wá síbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú oorun ọ̀sán Sátidé tí ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ ṣeun. Bí ọmọ bá ń ké nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e jáde. Àwọn ọmọ yìí gan-an ló ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, a kì í sì í lé ọlọ́rọ̀ síta kí a tó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. (Ẹ̀rín)

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí òbí ṣe lè mọ ohun tí ọmọ kékeré ń sọ. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo ní, "Ṣé ẹ ò ṣi nọ́ńbà tẹ̀? Èmi kì í ṣe dókítà." Olùkọ́ Yorùbá ni mí nílé ìwé girama, ọmọ mẹ́ta ló sì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní èmi náà ni wọ́n ń wá. Ó dáa. Ohun tí ojú mi rí nílé ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, n ó wá fi díẹ̀ kún un nínú èyí tí mo kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Àkọ́bí mi, Àkànní la máa ń pè é, ti di ọmọ ọdún 9 báyìí, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé òun ò fẹ́ kí n máa sọ ìtàn yìí kiri mọ́. Ẹ má sọ fún un pé mo sọ ọ́. Nígbà tó wà ní nǹkan bí oṣù 18, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Dándan." Tó bá jí, dándan. Tó bá jẹun tán, dándan. Tí a bá wá gbé e kọjá níwájú yàrá bàbá ọkọ mi, ariwo á gbòde: dándan, dándan, dándan! Ọmọ kan ń bẹ ládùúgbò wa nígbà náà tó ń jẹ́ Dàda. Mo ní, áà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pè. Mo lọ gbé Dàda wá. Dàda dé, ó jókòó, ó jẹ gbogbo bisikíìtì tó wà nílé. Àkànní wò ó títí, ó bú sẹ́kún: "Dándan!" Ọkọ mi ní òun rò pé "dandan" ló ń sọ, pé dandan ni ká ṣe ohun tóun ń fẹ́. (Ẹ̀rín) Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹkún ọmọ ní aago méjì òru, tí kò sì mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún, kò ní rẹ́rìn-ín.

Bàbá ọkọ mi kò sí nílé lásìkò yẹn. Wọ́n ti lọ sí Ọ̀yọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdílé àyàn ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà tán tí Àkànní fi tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá dúró sójú kan. Wọ́n ní, "Ìyàwó, kí lo sọ pé ọmọ yìí ń sọ?" Mo ní, "Dàda ni, sà." Wọ́n ní, "Dàda kọ́. Dàda ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Èyí tí ọmọ yìí ń sọ ń tòkè bọ̀ wálẹ̀." Wọ́n wá fi imú kùn ún, láìpe ọ̀rọ̀ kankan: mí re, mí re. Wọ́n wo ibi tí ojú ọmọ wà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn yàrá wọn, wọ́n ki ọwọ́ sára ìṣó tó wà lára ògiri, wọ́n sì mú gángan wálẹ̀.

Gángan! Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń lu ìlù yẹn fún un kí wọ́n tó lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọmọ fi ń tọrọ ìlù, tí èmi sì ń fún un ní Dàda.

Apá kìíní: etí ṣáájú ẹnu

Ohun tí Bàbá ṣe lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síbí. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ni onílù ń ṣe gan-an? Ìlù kò ní ahọ́n, kò ní ètè, kò ní eyín. Kò lè pe b, kò lè pe k. Okùn awọ tó wà lára rẹ̀ ni onílù ń fún mọ́ra, tó tún ń dẹ̀, kí ohùn lè ròkè tàbí kó wálẹ̀. Dò, re, mí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ìyáàlù á kì yín, á bú yín, á tọrọ owó lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin náà á sì mọ̀ pé owó ló ń tọrọ. (Ẹ̀rín) Kí ló fà á? Nínú èdè wa, ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi bo ọ̀rọ̀, ara ọ̀rọ̀ ni. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ẹ pè é, ahọ́n yín ò ní yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ohùn nìkan ló yí padà, síbẹ̀ ọ̀kan ń fẹ́ni sílé, èkejì ń roko, ẹ̀kẹta ń gbéni lọ sí Èkó, ẹ̀kẹrin ń gúnni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, onílù ni. Ohùn ọ̀rọ̀ ti ń dúró lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ahọ́n rẹ̀ ṣì ń ta gẹ́gẹ́. Àwọn tó ti wo ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn ọmọ Ṣáínà, tí èdè tiwọn náà jẹ́ èdè olóhùn, rí ohun kan náà: ohùn ọ̀rọ̀ ń tètè tọ́ lẹ́nu ọmọ, ó sì máa ń ṣáájú ọ̀pọ̀ kọ́ńsónáǹtì.

Kí ló dé? Etí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tipẹ́. Kí a tó bí ọmọ ló ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú oyún. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń gbọ́ nínú oyún dà bí ìgbà tí ẹ bá wà ní yàrá kan, tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn? Rárá. Orin ọ̀rọ̀ lẹ máa ń gbọ́. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ bóyá ìjà ni tàbí àdúrà. Oṣù bíi mélòó kan ni ọmọ fi ń gbọ́ orin yẹn kó tó fojú kan ayé. Ní 1980, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, DeCasper àti Fifer, fi nǹkan mímu bí orí ọmú sí ẹnu àwọn ìkókó tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ. Bí ìkókó bá fà á lọ́nà kan, ohùn ìyá rẹ̀ ni yóò dún. Bó bá fà á lọ́nà mìíràn, ohùn ìyá ẹlòmíràn ni. Ìkókó ń fà á lọ́nà tí yóò fi gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, kí a tó fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu, kí òun fúnra rẹ̀ tó ní orúkọ, ó ti mọ ohùn ẹni tó bí i yàtọ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá sọ ohun tí kò yé yín, ẹ má kọ́kọ́ máa wá b àti d kiri. Ẹ kùn ún nínú imú bí Bàbá ṣe kùn ún. Ṣé ó ń gòkè ni? Ṣé ó ń sọ̀kalẹ̀? Ẹ wá bi ara yín pé, nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí ń gbọ́ lójoojúmọ́, èwo ló ní orin báyìí?

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí níbi tó mọ, kí n má bàa tàn yín. Ilé, igbá, ewé, adé, ọkọ́: re mí ni gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ lásán. Odidi gbólóhùn ló ń lù, oríkì gígùn tí etí ti mọ̀, kí àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká lè tú u. Ọmọ oṣù 18 kò ní gbólóhùn gígùn. Ojú rẹ̀ ló fi ń parí ọ̀rọ̀. Ìka rẹ̀ ló fi ń parí rẹ̀. Bàbá gbọ́ mí re, ṣùgbọ́n ojú ọmọ tó wà lára ilẹ̀kùn yàrá wọn ló sọ èyí tó kù fún wọn. Èmi ńkọ́? Ojú Dàda ni mò ń wò.

Àwọn àgbà ní kò sẹ́ni tó mọ èdè àyàn bí kò ṣe ẹni tó mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Ta ló mú ọ̀pá ọmọ yín lọ́wọ́? Nínú ilé ẹlòmíràn, ìyá kọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Nínú ilé mìíràn, ìyá àgbà ni. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá ṣú yín lójú, ẹni tó ń bá a jókòó látàárọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín.

Apá kejì: ọmọ kì í fọ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú

Kí ló sọ gángan di dándan? Ẹ̀yìn ahọ́n ni a fi ń pe g, iwájú ahọ́n ni a fi ń pe d. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni iwájú ahọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí ọmọ bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀, g á di d, k á di t. Kò wá ń ṣe é lónìí kó fi í sílẹ̀ lọ́la. Òfin ni fún un. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gángan, mo lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ara fíríìjì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí Àkànní bá fọ́ ni mò ń kọ síbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi rí ọ̀nà tó ń gbà. R ń di y: ó ń pe ìrẹsì ní ìyẹsì. Ṣ ń di s: isu ló ń jẹ. Gb ń di b: "Bé mi, bé mi," bí ẹsẹ̀ bá ń ro ó. Lọ́jọ́ tó wá dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní "dààyí", kò sẹ́ni tó tún lọ pe ọmọ aládùúgbò. G ti di d, r ti di y, gààrí ni! Mo bu gààrí fún un, ó wò mí bí ẹni pé, áà, ìyá mi ti ń gbọ́n díẹ̀díẹ̀. (Ẹ̀rín)

Ọ̀rọ̀ gb yìí ń dùn mí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ pe gb. Gbogbo yín, ẹ pè é: gbà, gbé, gbó. Ẹ rí i pé ètè méjèèjì ń pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n náà sì ń lẹ̀ mọ́ òkè, lẹ́ẹ̀kan náà. P tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni ẹnu ń ṣe pa pọ̀. Òyìnbó tó ti lo ogún ọdún nílẹ̀ yìí á ṣì máa pe Ògbómọ̀ṣọ́ ní Òbómọ̀ṣọ́, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún un pé ó gbọ́ Yorùbá. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ní "bé mi", a ní kó tún un pè dáadáa ká tó gbé e! (Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́)

Ìbéèrè kan rèé: ọmọ tó ń sọ pé "bé mi", ṣé ó mọ̀ pé gbé la ń pè é? Ó mọ̀ ọ́n. Ní 1960, àwọn onímọ̀ méjì, Jean Berko àti Roger Brown, kọ ìtàn ọmọ kan ní Amẹ́ríkà tó ní ẹja oníke. Kò lè pe "fish", tí í ṣe ẹja ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe tọ́, "fis" ló ń pè é. Nígbà tí àgbàlagbà náà bá pè é ní "fis" fún un, ọmọ á kọ̀, á ní rárá. Àfi ìgbà tí àgbàlagbà pè é bó ṣe yẹ ló tó gbà pé òun nìyẹn. Mo kà á, ẹnu yà mí, torí ó ti ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ọmọ mi kejì ń pe ẹja ní "ẹda". Lọ́jọ́ kan mo fi ṣeré, mo ní, "Ṣé wàá jẹ ẹda?" Inú bí i. "Rárá! Ẹda!" Mo ní, "Ẹda?" Ó fi ẹsẹ̀ lulẹ̀: "Ẹda!" Mo wá ní, "Ẹja." Ó ní, "Ẹn-ẹ̀n. Ẹda." Ọ̀rọ̀ wà nínú orí rẹ̀ bó ṣe wà nínú orí èmi náà. Ẹnu ọ̀nà ni kò tíì gbà á. Látọjọ́ náà ni mi ò ti sín ọmọ jẹ mọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ń bẹ tí a ń pè ní àṣìṣe, tí kì í ṣe àṣìṣe rárá. Nígbà tí mo bí ọmọ kejì yìí, ìyá mi wá bá mi tọ́ ọ. Ọdún kan ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa. Ọmọ wá ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ "ulé". Mo ní, "Ilé ni, kì í ṣe ulé." Ó ní, "Ulé." Mo tún ní, "Ilé." Olùkọ́ Yorùbá ni mí, ẹ rántí. Mo ti ń wá ohun tó sọ i di u lẹ́nu rẹ̀, mo ti fẹ́ kọ ọ́ sára fíríìjì, ìgbà tí ìyá mi ké láti ilé ìdáná pé wọ́n fẹ́ lọ gbá "ulé". Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi! Ọmọ ò ṣi nǹkan kan sọ. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, èmi ni mò ń fi Yorùbá inú ìwé gé e lẹ́nu. Ó tì mí lójú díẹ̀.

Apá kẹta: ọ̀rọ̀ kan, ẹrù púpọ̀

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bàbá kan á jáde láàárọ̀, á ní, "Ọmọ mi ti ń pè mí! Oṣù méje péré, bàbà-bàbà-bàbà." Ìyá á dákẹ́, inú rẹ̀ ò dùn, òun ló lóyún oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ọmọ bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí méje, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ṣeré: ba-ba-ba, ma-ma-ma, da-da-da. Ètè ló ń pa dé tó ń ṣí. Kò tíì pe ẹnikẹ́ni. Roman Jakobson, onímọ̀ èdè ará Rọ́ṣíà, sọ pé ohun tó fà á gan-an nìyẹn tí orúkọ ìyá àti bàbá fi jọra káàkiri àwọn èdè tí kò bára tan: ọmọ ló kọ́kọ́ ń ta ètè, àwa òbí la yára gbà á pé àwa ló ń pè. Ìgbéraga wa la fi sọ eré ọmọ di orúkọ. (Ẹ̀rín) Ọ̀rọ̀ gidi, tó ní ibi tó ń lọ, nǹkan bí ìgbà tí ọmọ bá pé ọdún kan ló máa ń yọjú.

Nígbà tó bá sì yọjú, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kan ni. Ọmọbìnrin mi tó kéré jù ní "bàtà". Láàárọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di bàtà rẹ̀ mú: bàtà. Ohun tó ń sọ ni pé, ẹ wọ̀ ọ́ fún mi, ẹ jẹ́ ká jáde. Lọ́sàn-án, ó rí ibi tí bàtà bàbá rẹ̀ máa ń wà, kò sí níbẹ̀: bàtà. Bàbá ti jáde. Lálẹ́, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta: bàtà! Bàbá ti dé. Ọ̀rọ̀ kan ni o. Ẹni tó bá ń lọ mú bàtà wá fún un nígbà gbogbo á kàn máa dá ẹkún sílẹ̀. Àkókò àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde ló ń túmọ̀ rẹ̀.

Ó tún ní ohun tí ọmọ máa ń ṣe, ọ̀rọ̀ á pọ̀ ju ohun tó ni ín lọ. Gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á di ajá. Ewúrẹ́ ajá, màálù ajá, àga tó wà ní pálọ̀ náà ajá díẹ̀. Kò ṣarìndìn. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ló ní, ayé sì kún fún nǹkan. Bí ẹ̀yin náà bá dé ìlú tí ẹ ò gbọ́ èdè wọn, tí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré wà lẹ́nu yín, ẹ máa na ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ibi tó bá lè dé.

Kí n tó kúrò níbí, èyí tó jẹ́ ti ilé wa gan-an. Ọdún kan gbáko ni Àkànní fi ń pè mí ní "Ìyàwó". Àwọn ará ilé ọkọ mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀: Ìyàwó, wá jẹun, Ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ fẹ́ kó máa pè mí? Ojúlé kan ni wọ́n bí i sí tí gbogbo ènìyàn ń pe obìnrin yìí ní Ìyàwó, òun náà gbà pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Níwájú ọ̀pọ̀ èrò nínú ọjà Bódìjà ló ti figbe ta: "Ìyàwó! Ìyàwó! Bé mi!" Gbogbo ọjà yíjú padà. (Ẹ̀rín pọ̀) Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ sọ tí kò ní orísun nínú ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá yà yín lẹ́nu, ẹ wo ẹnu tiyín.

Apá kẹrin: dídáhùn

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, ṣé kí àwọn bá ọmọ wí tó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè? Mo ní rárá. Ṣé kí àwọn wá máa pè é bó ṣe ń pè é? Mo ní rárá náà. Ẹ dá a lóhùn ni. Ó ní, "Dààyí." Ẹ ní, "Gààrí lo fẹ́? Gààrí rèé. Gààrí tútù." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbọ́ ọ bó ṣe yẹ kó gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó ní kó tún un pè. Bí kò bá sì yé yín rárá, ẹ sọ fún un. Ẹ ní, "Kò yé mi, fi hàn mí." Ẹ na ọwọ́ sí i kó mú yín lọ. Ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí kò gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tó ń bí mi nínú títí dòní. Ọmọ mi kejì kò tètè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún méjì nígbà tí a fi í sí jẹ́léósinmi kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ibẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Mà, ẹ má sọ Yorùbá sí i mọ́. Èdè méjì ló ń dà á lórí rú. Gẹ̀ẹ́sì nìkan." Èmi olùkọ́ Yorùbá! Mo gbà. Ẹ̀rù ọmọ ni, ẹ dákun, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. A bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Ìyá ọkọ mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ló ń bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ jù nínú ilé, àwọn ló ń kì í láàárọ̀, àwọn ló ń pa àlọ́ fún un. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, wọ́n á máa wo ara wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wo ìyẹn, mo ní ó tó. Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi kì í." Ohun tí Màmá fi dáhùn, mi ò ní sọ ọ́ níbí, ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì dùn. (Ẹ̀rín)

Èdè méjì kì í sọ ọmọ di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dájú lórí rẹ̀. Ohun tó máa ń rú òbí lójú ni ìṣirò. Ọmọ tó ń pe omi ní omi, tó ń pe bàtà ní ṣúù, ọ̀rọ̀ méjì ló ní. Bí ẹ bá ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìkan, ẹ ó ní ọ̀kan ló ní, ẹ ó sì máa sáré kiri. Ẹ ka méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin tó ń rò pé Yorùbá á fà á sẹ́yìn nílé ìwé, ẹ rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970. Ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ńkọ́? Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí èmi náà ti gbé fóònù fún ọmọ kí n lè rí ọbẹ̀ sè. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo ojú ẹ̀rọ rárá, pé ẹni ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, kó sì dín sí i bó bá ṣeé ṣe. Èyí tó ń dun èmi ni pé fóònù kì í wo ibi tí ojú ọmọ wà. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin, àmọ́ tí ọmọ bá ní "dándan", fóònù ò ní mú gángan wálẹ̀.

Apá karùn-ún: ìgbà tó yẹ ká lọ sí ilé ìwòsàn

Ibí yìí, mi ò ní fi ṣeré. Ẹnì kan á ní, "Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." Ìyá àgbà kan ládùúgbò ní kí n máa bu omi sínú agogo fún ọmọ mi kejì mu. Mi ò bá wọn jà, àgbà ni wọ́n, àmọ́ mo gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò etí.

Bí ọmọ bá ń lọ sí ọdún kan tí kò ta ètè, tí kò ṣe ba-ba, da-da rí, tí kò sì nawọ́ sí nǹkan, ẹ lọ. Bó bá pé oṣù 18 tí ẹ ò lè ka ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀, yàtọ̀ sí màmá àti bàbá, ẹ lọ. Bó bá pé ọdún méjì tí kò so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "bàbá lọ", "fún mi", ẹ lọ. Ìyẹn ò ní kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara o; ní ọdún méjì, bí àlejò bá gbọ́ bí ìdajì ohun tó ń sọ, ó ti ń gbìyànjú. Àmọ́ èyí tó ń dẹ́rù bani jù ni ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀, tó wá dákẹ́, tí ọ̀rọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀ ń lọ. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kódà ìkókó ṣeé yẹ etí wò. Ọmọ tí ibà pọ́njú ṣe lẹ́yìn ìbí, tí ara àti ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí a ò tètè tọ́jú, ọmọ tí àìsàn tó ń mú ọrùn gan ti ṣe rí, ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún lemọ́lemọ́, ẹ má fi tiwọn falẹ̀. Ìbàdàn la wà, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, ń bẹ nílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń rí sí etí, imú àti ọ̀fun. Ẹ ò gbọ́dọ̀ máa bá ọmọ jà pé kò dáhùn, nígbà tó jẹ́ pé kò gbọ́.

Etí ọmọ mi kejì kò ní nǹkan kan. Nígbà tó di ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ṣí bí odò, bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ la fi ń pa á lẹ́nu mọ́.

Wọ́n ti ń wo aago fún mi. Ó ku ohun kan, mo sì fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín sí i. Ọmọbìnrin mi tó kéré jù, oníbàtà yẹn, oṣù 17 ló wà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan: "Ìbábà." Ó ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè, ó tún wálẹ̀: dò mí dò. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń sọ ọ́, lójú fèrèsé ẹ̀yìn, kì í sì í sunkún tó bá ń sọ ọ́, ńṣe ló máa ń rẹ́rìn-ín. Mo mú ìgbálẹ̀ wá fún un, ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bàbá ọkọ mi ti kùn ún títí, àwọn náà ò tíì rí i. Wọ́n ní bóyá ohun tó ń wò níta ní àsìkò yẹn kì í pẹ́ kó tó kọjá, pé àwa àgbà la máa ń pẹ́ dé fèrèsé. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ tó ń kọ dò mí dò nírọ̀lẹ́, kó pè mí sẹ́yìn bí a bá ṣe tán. Bí mo bá tètè délé lónìí, mo fẹ́ ti jókòó sójú fèrèsé yẹn kí aago mẹ́fà tó lù.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi.